Ọ̀já màmá mi àti ọkàn tí àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: mo wá dúpẹ́

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin lẹ gbààwẹ̀ nítorí mi nígbà tí bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láti Ìbàdàn gbókìtì nítòsí Ògèrè. Ó pé ọdún 4 báyìí. Ọrùn mi ló ṣẹ́, ní egungun kẹfà, okùn iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá sì bà jẹ́ níbẹ̀. Láti àyà títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, n kì í mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí. Ìyẹn ẹ ti mọ̀. Ogun èémí àti ogun ọkàn tó tẹ̀lé e lẹ ò mọ̀, òun ni mo sì wá dúpẹ́ lé lórí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi jókòó, ojú mi ṣú, mo dákú. Ẹ̀jẹ̀ ya lọ sí ikùn àti ẹsẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó súnkì kó tì í padà sókè kò rí àṣẹ gbà láti ọpọlọ mọ́. Ikọ́ pàápàá di iṣẹ́ ẹni méjì: bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá há, màmá mi á gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ikùn mi, wọn á máa tì í sókè bí mo ṣe ń gbìyànjú. Èmi ọkùnrin ẹni ọdún 34, ìyá mi ló ń bá mi wúkọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Wọ́n fi báńdéèjì so ọwọ́ mi mọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà. Mo wà á títí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ ọkàn mi kò lù ju ìgbà 112 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n wo nọ́ńbà yẹn, wọ́n ní ọkàn mi ti rẹ̀, kí n má ṣe wà á mọ́. Oṣù 5 gbáko ni mo fi dùbúlẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ń dùn mí títí dòní, torí ó gba okun tó kù ní apá mi lọ.

Ọlọ́run ló fi Àǹtí físíò kan, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, pàdé mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé: “Ọkàn rẹ kò ṣàìsàn. Àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.” Wọ́n ní ọkàn dà bí ẹṣin tó ní ìjánu àti pàṣán. Okùn iṣan tó jẹ́ ìjánu, inú ọrùn ló gbà wá tààrà láti ọpọlọ, kò gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn, nítorí náà kò fara gbọgbẹ́. Pàṣán ló gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ kó tó yọ ní òkè àyà, nísàlẹ̀ ibi tí tèmi ti já. Bí mo bá ń wa kẹ̀kẹ́, ara mi lè dẹ ìjánu, ṣùgbọ́n kò rí pàṣán lò. Ìdí nìyẹn tí ọkàn ẹni tí okùn ọrùn rẹ̀ já pátápátá kì í fi sábà kọjá 130, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ dá lè dé 180. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju oògùn lọ.

Wọ́n ní kí n yé ka ìlù ọkàn, kí n fi ara mi ṣe òṣùwọ̀n: bí mo bá lè sọ̀rọ̀ tí n kò sì lè kọrin, ó tó. Ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú irin gbígbé. Fáànù gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí a sì máa fọ́n omi sí mi lára, torí n kì í làágùn nísàlẹ̀ àyà mọ́. Iṣan ńlá tó ń fa èémí kò bà jẹ́, òkè ibi tí ọrùn mi ti ṣẹ́ ni àṣẹ tirẹ̀ ti ń yọ. Iṣan ìhà àti ti ikùn ló dákẹ́. Bí mo bá jókòó, ikùn a yọ síwájú, èémí a sì kúrú. Àǹtí ní kí a ra ìgbànú ikùn. Màmá mi kò dúró gbọ́ iye rẹ̀. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí jáde, wọ́n dì í mọ́ mi níkùn. Èémí mi gùn sí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Jímọ̀ kan, torí ẹnìkan nínú yín lè ní irú mi nílé. Mo ń wa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni ń fi òòlù lù ú. Ojú mi pọ́n, òógùn bò ó. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi tí kì í ju 90 lórí 60 lọ ti di 190 lórí 110. Ẹnìkan ní kí wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀. Àǹtí pariwo: “Ẹ má tẹ́ ẹ! Ẹ jẹ́ kó jókòó!” Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n bọ́ bàtà mi, wọ́n tọpa rọ́bà ìtọ̀ mi títí wọ́n fi rí i pé ó ti ká sábẹ́ itan. Ìtọ̀ ti kún àpòòtọ̀, ara ìsàlẹ̀ ń ké, ọpọlọ kò sì lè dá a lóhùn. Wọ́n nà án, ìtọ̀ ya. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, orí ti fúyẹ́. Irú rẹ̀ lè bẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, ó ń pani. Olúwa kò jẹ́ kó pa mí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, lóru, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há mi lọ́fun. N kò pe ẹnikẹ́ni. Iṣan òkè àyà tí mo ti fi kẹ̀kẹ́ yẹn tọ́ ni mo fún pọ̀, mo wúkọ́, ó jáde. Màmá mi ké láti yàrá kejì: “Ta ló wúkọ́ yẹn?”

“Màmá, èmi ni.”

Wọ́n ní kí n tún un wú. Mo tún un wú. Wọ́n bú sẹ́kún.

Àwọn ló jókòó sórí àga kẹta lápá ọ̀tún yẹn, ọ̀já ọ̀hún sì rèé níkùn mi. Ẹ̀yin onílù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lù ú fún wọn, kí wọ́n wá bá mi jó.