Àwọ̀ tó ń mú ilé mọ́lẹ̀ nígbà ọyẹ́

Ní Paris, oòrùn àárín oṣù Kejìlá kì í yọ títí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ á fi kọjá, kó sì tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì tí ń mú àwọn kan lásìkò òtútù bẹ́ẹ̀ ni dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún lórúkọ ní 1984. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú ọdún ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí 12. Ohun tí ń sọ yàrá di òkùnkùn níbí ni eruku ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run, àti fèrèsé tí a tì pa kí eruku má bàa wọlé. Ní Ṣábẹ ó tún le jù, torí ibẹ̀ súnmọ́ àríwá ju Àjàṣẹ́ lọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún ará Yúróòpù, ẹ má gbé e wálé lódindi.

Ká sọ èyí ná: ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo tó ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ. Ọ̀dà ò lè ṣiṣẹ́ oògùn.

Ìmọ́lẹ̀ ló ṣáájú àwọ̀. Ògiri tó wù kí ẹ kùn, bí ìmọ́lẹ̀ ò bá kàn án, ẹ ò ní rí i. Ẹ fi aṣọ tútù nu gíláàsì fèrèsé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé, torí eruku inú rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Láti àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ ṣí. Ẹ jẹ́ kí àjà òkè funfun: ọ̀dà funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, aró tó dúdú gan-an kì í dá tó ìdá kan.

Ògiri tó dojú kọ fèrèsé ni kí ẹ kùn ní àwọ̀ tó múná. Ògiri tí fèrèsé wà lára rẹ̀ kì í rí ìmọ́lẹ̀ gbà. Bí ẹ bá kùn ún ní àwọ̀ dúdú, fèrèsé á máa tàn wọ̀ yín lójú, ibi tó kù á ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kó funfun.

Àwọ̀ wo wá ni? Lójú tèmi, pupa rúsúrúsú àti àwọ̀ ilẹ̀ pupa ló dára jù fún ìgbà ọyẹ́. Wọ́n ń mú yàrá gbóná lójú, eruku tó bá bà lé wọn ò sì tètè hàn, torí àwọ̀ wọn ò jìnnà sí ti eruku. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wá láti Brazil, kọ́ sí Àjàṣẹ́, ẹ ó rí àwọn àwọ̀ yìí lára wọn. Aró àti àwọ̀ ewé, ẹ fi wọ́n sára ìrọ̀rí, ilẹ̀kùn tàbí àpótí ìjókòó.

Ẹni tó wà ní agbègbè Kétu ti ní ọ̀dà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wa ilẹ̀ pupa tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, níbi tí gbòǹgbò ò sí, ẹ sá a, ẹ gún un, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ po ife sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kan mọ́ ife omi tútù méjì, ẹ da ife omi híhó mẹ́rin sí i, ẹ máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Ìwọ̀n kan sítáàṣì tí ẹ rò yìí sí ìwọ̀n méjì ilẹ̀ rírẹ. Ẹ fi omi là á títí yóò fi dà bí ògì mímu.

Ẹ kọ́kọ́ fi tó àtẹ́lẹwọ́ kan dán ògiri wò, kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan. Bí ó bá ń kun ọwọ́, sítáàṣì ò tó. Bí ó bá ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, sítáàṣì ti pọ̀ jù, tàbí kí eruku wà lára ògiri kí ẹ tó kùn ún. Bí ó bá sán, amọ̀ ti pọ̀: ẹ bu yanrìn kíkúnná díẹ̀ sí i. Ẹ wọ́n omi sára ògiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri gbígbẹ á fa omi inú rẹ̀ mu, èyí tó kù á di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Inú ilé nìkan ni ẹ lò ó sí. Ní Àjàṣẹ́ tí omi ń gun ẹsẹ̀ ògiri, ẹ má jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀, torí sítáàṣì á bu níbẹ̀.

Ọ̀dà olómi tí a ń rà lọ́jà náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ògiri tó fẹ̀ ní mítà 4, tó ga ní mítà 2.8, jẹ́ 11.2 ní ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀mejì, ó di 22.4. Lára ògiri tí kò dán púpọ̀, lítà kan ń kun bíi 8, nítorí náà lítà 3 á tó. Bí ẹ bá fẹ́ da àwọ̀ sínú ọ̀dà funfun, ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí èyí tí ẹ bá tún pò lọ́la ò ní jọ ọ́. Kí àwọ̀ náà má kọjá ìdá 5 nínú 100, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ò ní le dáadáa. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi simẹ́ńtì rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán: agbára simẹ́ńtì tútù ń pa àwọ̀, ó sì ń mú ọ̀dà wú. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà ń yára gbẹ, ojú ibi tí ẹ bá ti dúró á sì hàn. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku jókòó, kí ẹni méjì kùn ún láti òkè wá sísàlẹ̀, kí wọ́n má sinmi títí ògiri kan á fi parí.

Ẹni tó ń háyà ilé, tí onílé ò gbà kó kun ún, kó fi aṣọ ṣe é. Aṣọ fèrèsé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní àwọ̀ osàn máa ń sọ ìmọ́lẹ̀ kùrukùru di bíi ti oòrùn àárọ̀. Ẹ má ta aláwọ̀ ewé síbẹ̀, torí yóò jẹ́ kí ojú gbogbo ènìyàn dà bí ti aláìsàn. Fún alẹ́, ẹ ka ara páálí gílóòbù kí ẹ tó sanwó: 2700K tàbí 3000K (K ni ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bíi ti fìtílà. 6500K máa ń mú kí àwọ̀ ilẹ̀ pupa rí bíi ti eérú.