Bí mo ṣe máa ń rí wọn nìyẹn

Oorun ò kùn mí. Látọ̀sán ni ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ti ń dún létí mi.

Ìran méjì péré la rí yà lónìí nínú fíìmù tí mò ń bá àwọn ọmọ ṣe. Òjò dí wa lọ́wọ́, bátìrì kan kú, àwọn ọmọ sì ń du pátákó tí wọ́n ń pa kà! kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àfọwọ́fà mi ni. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, ọ̀tọ̀ ni kámẹ́rà, pé ìró kà! yẹn la fi ń so àwọn méjèèjì pọ̀ tó bá yá. Ta ni ò ní fẹ́ dì í mú?

Dárẹ́ktà wa, ọmọ ọdún 9, ló fúnra rẹ̀ gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Mo yọjú wò ó: ìyá àti bàbá inú eré náà ò lórí. Bọ́tìnnì, ọwọ́, kọ́kọ́rọ́ tó ń mì dirodiro, ó tán. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti dé ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Ó rọra fi ìka kàn mí.

"Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe máa ń rí wọn nìyẹn."

Kò bínú o. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Bí mo ṣe máa ń rí wọn nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gé orí èèyàn kúrò nínú àwòrán, mo sì ń tẹ̀ lé e…

Àmọ́ ṣé kì í ṣe pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà ga ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí mo wá dákẹ́, mo rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn. Mo bá fi hàn án. Ó gbé e sókè, ojú wọn yọ, ó wò ó títí. Ó tún gbé e wálẹ̀.

Inú mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ó sì dùn mí. Mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Kí a tó palẹ̀ mọ́, gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láti gba ohùn yàrá náà sílẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dún nígbà tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Ọ̀la la máa ya ibi tí ìyá ti lóṣòó láti so okùn bàtà ọmọ inú eré náà. Dárẹ́ktà ní kámẹ́rà ò ní kúrò níbi tó wà. Ibẹ̀ nìkan la ti máa rí ojú ìyá.