Wákàtí kan tó sọnù láàrin Lomé àti Kútọnu

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sẹ́nu ìmọ̀ òkun, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ti tì mí jù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí másítà ní Kútọnu nígbà náà, ẹnu mi sì gùn. Wọ́n fi mí sínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan tó kó Àkrà, Lomé, Kútọnu àti Èkó pọ̀, wọ́n ní kí n so àkọsílẹ̀ bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà ní ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra. Bí mo ṣe ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà, mo rí nǹkan tó dùn mọ́ mi nínú. Ìgbàkígbà tí òkun bá kún ní Lomé, ó máa ń tó wákàtí kan kó tó kún ní Kútọnu. Ti Àkrà bá ti Lomé mu, ti Kútọnu bá ti Èkó mu, àfi bí ẹni pé aṣọ́bodè kan ń dá omi dúró láàrin. Mo ní oríire ti dé. Mo kọ ojú ìwé mẹ́fà lórí ìgbì kan tó ń rọra rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, mo ya àwòrán aláràbarà sí i.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá, gbogbo wọn ń mi orí. Ẹ̀yìn pátápátá ni bàbá kan jókòó sí, oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa láti Lomé, ẹni tó ń gun àkàbà lọ fọ ìdọ̀tí kúrò lára ẹ̀rọ tó ń wọn bí òkun ṣe ń kún lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó dìídì pè é. Òun ló wa ọkọ̀ tó gbé àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá. Ó nawọ́, ó sì fi èdè Faransé béèrè pé: "Ọmọ mi, ṣé aago Lomé lo lò ni àbí aago Kútọnu?"

Ẹ̀yin tó mọ ọ̀nà yẹn ti ń rẹ́rìn-ín. Aago Tógò àti ti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Benin àti ti Nàìjíríà. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Lomé, aago kan ti lù ní Kútọnu. Ìgbì mi kò rìn lọ síbì kankan. Ẹnubodè Hilla-Condji ni mo wọ̀n, ibi tí bàbá yẹn ti máa ń yí aago ọwọ́ rẹ̀ padà nígbà gbogbo tó bá ń kọjá.

Ìtìjú yẹn ti tán lára mi. Èyí tí kò tán ni pé oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, orúkọ bàbá yìí kò sì sí nínú àwọn tí à ń fi í-meèlì ránṣẹ́ sí. Àwọn oníwèé-ẹ̀rí nìkan là ń kọ̀wé sí. Bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ tí a ṣí iṣẹ́ náà, kò sí irú èèyàn tí a kò ní: adúláwọ̀, òyìnbó, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ orílẹ̀-èdè márùn-ún. A ń fi fọ́tò náà yangàn kiri. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ ibi tí iṣẹ́ máa bàjẹ́ sí wà níta, ó ń ti ọkọ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò kúkú jókòó sí Èkó kí a wọn òkun tiwa. Ìlàjẹ ni mí. Ẹni tó bá mọ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, mọ̀ pé a kì í kọ́ ọmọ ibẹ̀ ní ohun tí òkun lè ṣe. Ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí ti wà nínú omi. Mo rò pé mo mọ etíkun tán kí n tó dé Kútọnu. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé láti Gánà títí dé Èkó, ìgbì ń ti yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, tọ̀sán tòru. Nígbà tí Lomé kọ́ èbúté, yanrìn gbá jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé àwọn tó wà ní ìlà oòrùn. Kútọnu kọ́ tirẹ̀, bákan náà ló rí. Èkó ti ṣáájú gbogbo wọn: láti 1908 ni wọ́n ti ń to òkúta sẹ́nu ọ̀sà kí ọkọ̀ ojú omi lè ráyè wọlé, Bar Beach ló san gbèsè rẹ̀. Ẹni tó bá wọn Èkó nìkan, àárín ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. (Ti Ayétòrò tún yàtọ̀ o, ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ ju yanrìn lọ. Ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.)

Nítorí náà, a nílò ara wa. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìwé àdéhùn tó ní òǹtẹ̀ wúrà kó sí yín lórí. Mo ti rí i tí ọ̀gá méjì bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ya fọ́tò, tí ìwé náà sì sùn sínú dúrọ́ọ̀ títí ọ̀gá kan fi fẹ̀yìn tì. Mo tún ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wá láti òkè òkun, wọ́n lo ọkọ̀ wa, wọ́n lo àwọn ọmọ wa, wọ́n kó ìgò omi lọ rẹpẹtẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà la rí àbájáde rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn ará ibẹ̀". Wọ́n tún ṣi orúkọ abúlé náà kọ.

Láti ọjọ́ náà, ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí: ta ni àkọsílẹ̀ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ta ló máa ṣáájú, orúkọ àwọn wo ni kò gbọ́dọ̀ sọnù, ta ló máa tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìn tí owó bá tán. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e síwájú àwọn àlejò kan, wọ́n ní mo ti ń ṣe bí agbẹjọ́rò, wọn ò sì padà wá mọ́. Kò dùn mí. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn bu ọwọ́ lù ú kíá, wọ́n tún mú méjì nínú àwọn ọmọ wa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́, a kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ èdè. Ẹ kọ́ Faransé. N kò ní bẹ̀ yín. Láti 2008 ni yunifásítì Abomey-Calavi ti ń ṣe másítà ìmọ̀ òkun fún gbogbo agbègbè wa pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Faransé, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Kódà fáìlì wọn, Faransé ló ń sọ. Níbi tí àwa ti ń fi àmì ìdánudúró pín nọ́ńbà, kọ́mà ni wọ́n ń lò. Ìwọ̀n ooru 28,5 tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láti Kútọnu di 285 lórí kọ̀ǹpútà mi. Òkun hó!

Ìpàdé wa náà, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣe é, àwọn ará Benin á sì dákẹ́ lọ gbári, àwa á rò pé wọ́n ti gbà. Ìgbà tí a bá jáde lọ jẹun ni mo máa ń gbọ́ òótọ́, nítorí pé ọmọ Kétu wà nínú wọn. Faransé lòun fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì lèmi fi kà kí n tó dé Kútọnu, Yorùbá la sì ń fi jà. Ọjọ́ kan la fi odindi àwo ìrẹsì wá orúkọ fún ibi tí omi gbígbóná òkè ti yára di tútù nísàlẹ̀ òkun. Òun ní "ààlà omi tútù". Mo ní ààlà kì í lọ sókè sọ̀kalẹ̀, tìyẹn ń lọ sókè sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jọ ń jà sí ilẹ̀ bóyá ààlà kì í rìn. Mo gbà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn la fi òfin sí i pé kí oníkálùkù sọ̀rọ̀ lédè tó bá dá a lójú, kí ẹlòmíràn túmọ̀. Ìpàdé wá gùn sí i. Iṣẹ́ tí à ń tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀ sì dín kù.

Àwọn apẹja ńkọ́? Láti 1997 ni Bràsíl, Faransé àti Amẹ́ríkà ti jọ ń to àwọn àgbá tó léfòó sójú òkun Àtìláńtíìkì, PIRATA ni wọ́n ń pè é, láti máa wọn ooru omi, atẹ́gùn àti òjò. Ọ̀kan wà gan-an níbi tí ìlà agbedeméjì ayé àti ìlà odo tó gba Greenwich kọjá ti pàdé, ní gúúsù Gánà. Ẹja fẹ́ràn láti gbá jọ sábẹ́ ohun tó bá léfòó, apẹja sì fẹ́ràn ibi tí ẹja wà. Wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ ọn, okùn wọn á já ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ráhùn lórí èyí, pàápàá ní apá tiwa yìí.

Tiwa kò tó ti wọn, àgbá kékeré kan ni, òun náà sì pòórá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, a kọ́kọ́ lọ bá baálẹ̀ àti àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun. Wọn kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán. Ojú ọ̀nà àwọ̀n wọn gan-an la gbé e sí. Wọ́n fi ọwọ́ júwe ibòmíràn, a gbé e lọ síbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀. Àwọn yìí kan náà ló ń pè wá lóṣù keje tí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, kí àwòrán sátẹ́láìtì tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀yin obìnrin inú yín, ẹ gbọ́ tèmi. Marie Tharp ló ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun tí gbogbo ayé wá fi mọ̀ pé àfonífojì gba àárín òkè abẹ́ Àtìláńtíìkì kọjá. Ó di àwọn ọdún 1960 kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ìwádìí. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, Bruce Heezen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin lásán ni. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn atukọ̀ kan sọ fún mi pé obìnrin kì í wọ ọkọ̀ àwọn, mo dúró sétíkun láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí mo wá tẹ̀ wọ́n nínú, ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé kò sí ibi tí obìnrin ti lè tọ̀ nínú ọkọ̀ náà. Bákẹ́ẹ̀tì kan, ègé àǹkárá kan àti okùn ló yanjú ẹ̀. Ní báyìí, a ti kọ ọ́ sínú ìṣirò owó: "aṣọ ìkélé". Akọ̀wé owó kan béèrè lọ́wọ́ mi pé ẹ̀rọ kí nìyẹn.

Tí ẹ kò bá sì tíì rí ọkọ̀ wọ̀, ẹ má jókòó tẹtẹrẹ. Argo, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àgbáyé kan tó ń wọn òkun, ní nǹkan bí 4,000 ẹ̀rọ tó ń dá rìn lábẹ́ òkun káàkiri ayé, tí wọ́n ń jáde sójú omi lọ́jọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá láti sọ ohun tí wọ́n rí láti ìsàlẹ̀ 2,000 mítà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Oṣù kẹjọ la ó tún jáde láti Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó gbé súwẹ́tà àti oúnjẹ tí kò ní ata púpọ̀ dání, kó sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá Lomé. Òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó máa wọ ọkọ̀ báyìí. Tí ẹ bá ń dá aago fún un, ẹ sọ aago ibi tí ẹ wà.