Ìwé Tí Bàbá Kan Gbé Wá Ṣe Fọ́tókọ́pì

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Ọmọ Òròkí ni mí, Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, Òṣogbo ni mo ti ń jẹun, síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdírì títí di nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò ka ìwé Yorùbá kan tán rí. Kì í ṣe pé mi ò kàwé o. Mò ń ka tòyìnbó dáadáa, mo tún máa ń fi fọ́nnu lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ti Yorùbá ni mo sá fún, torí tíṣà tó fi Fágúnwà kọ́ wa nígbà yẹn, pankẹ́rẹ́ ló fi ń ṣàlàyé, tó o bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kan kà báyìí ọwọ́ ẹ á wú. Bí mo ṣe ṣèdánwò tán ni mo ti ìwé yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ló bá mi kà á parí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti fọ́tókọ́pì ni mò ń ṣe, lápá Òkè-Fìà níbí. Lọ́jọ́ kan ni bàbá kan wọlé, wọ́n á ti tó ọgọ́rin ọdún, wọ́n gbé ìwé kan dání nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, páálí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já dànù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi ṣe gbogbo ẹ̀ ní ẹ̀dà kan, ṣùgbọ́n rọra o, kó má fàya." Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, iná ò sí o, ẹ jẹ́ kó sùn síbí." Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí i wò. Ọba Kò So ni, ti Dúró Ládipọ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, ìtumọ̀ òyìnbó náà wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ orúkọ eré yìí láìmọye ìgbà, mo mọ̀ pé wọ́n gbé e dé Jámánì ní 1964, ó kàn jẹ́ pé mi ò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó kó kà á ni. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ìwé kọ́ ló ṣáájú. Eré ló ṣáájú, wọ́n gba ohùn àwọn òṣèré sórí téèpù, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn wá jókòó ti téèpù yẹn, wọ́n kọ Yorùbá ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tún túmọ̀ ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á, kò wọlé. Ojú mi ń lọ lórí ọ̀rọ̀, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí ò ṣiṣẹ́. Àfi ìgbà tí mo lanu kà á sókè, ni télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bá dá ẹ̀rọ dúró, ó ní "ta lò ń kì níbẹ̀ yẹn?" Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ohun tí wọ́n kọ láti ẹnu èèyàn, etí ló ń jẹ ẹ́, ojú nìkan ò lè dá a jẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sídìí àwọn ìwé Yorùbá yìí, ohun tí mo lè kọ́kọ́ sọ fún yín nìyẹn, ẹ kà á sókè, kódà bó jẹ́ inú balùwẹ̀ lẹ ti máa kà á.

Nígbà tí bàbá padà dé, mo jẹ́wọ́ fún wọn pé mo ti kà á. Inú wọn dùn ju ti fọ́tókọ́pì lọ. Wọ́n ní àwọn ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ nígbà tí Dúró Ládipọ̀ sọ ilé ọtí ẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀, ibi eré àti iṣẹ́ ọnà, ní 1962. Mbari yẹn, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sọ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, nígbà tó dé Òṣogbo àwọn èèyàn wa ò mọ Ìgbò kankan, wọ́n ní à á, "bí mo bá rí i, mo bá yọ̀". Ṣé ẹ rí i, ìlú wa ti ń túmọ̀ tipẹ́.

Àṣìṣe tèmi wá lẹ́yìn ìyẹn. Ara mi ti gbóná, mo lọ ń ra ti òyìnbó nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan, mo rò pé ọ̀kan náà ni. Mo ka ìtumọ̀ tí Sóyinká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà ní 1968, The Forest of a Thousand Daemons, ó dùn, mi ò ní parọ́. Ìgbà tí mo yá ti Yorùbá wá ni mo rí i pé ẹgbẹ̀rún tó wà nínú àkọlé tòyìnbó yẹn, Fágúnwà ò kọ ẹgbẹ̀rún kankan síbẹ̀, igbó irúnmalẹ̀ ló kọ. Irúnmalẹ̀ ọ̀hún náà kì í ṣe èṣù burúkú tí wọ́n ń lé ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sóyinká mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yan daemon tó ní "a" nínú dípò demon tí gbogbo ayé mọ̀. Lẹ́tà kan péré o! Ó pẹ́ tí mo fi ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Látìgbà yẹn, ìwé méjèèjì ni mo máa ń tẹ́ síwájú, Yorùbá ni mò ń kà, tó bá há mi lọ́rùn ni mo máa ń yọjú sí tòyìnbó.

Tí Yorùbá ìgbà yẹn bá ń dà yín láàmú, bóyá kì í ṣe èdè ló le, àkọtọ́ àtijọ́ ni. "Aiye" ni ayé, "enia" ni ènìyàn, "nwọn" ni wọ́n. Ojú ìwé márùn-ún, ó ti mọ́ yín lára.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni bí ìtàn ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ wo ti Olókùn Ẹṣin Ọ̀yọ́, tó yẹ kó bá ọba kú tí ọ̀gá òyìnbó ò jẹ́ kó kú. Ṣebí ẹni tó bá dárúkọ ẹ̀ báyìí, Sóyinká ló máa ní lọ́kàn, èyí tó kọ lóyìnbó ní 1975. Dúró Ládipọ̀ ti fi ṣeré ní 1964, ó pè é ní Ọba Wàjà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tún wá gbé ti Sóyinká padà sí Yorùbá ní 1994, Ikú Olókùn Ẹṣin. Ti Tutùọlá náà nìyẹn, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ ìwé ẹ̀ lórí ọ̀mùtí, The Palm-Wine Drinkard, lóyìnbó ní 1952, Kọ́lá Ògúnmọ́lá tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó wá sọ ọ́ di Ọ̀mùtí ní 1963, Lánkẹ́, ọ̀mùtí ọ̀hún, bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá bèèrè ẹlẹ́mu ẹ̀. Kódà Okonkwo inú Things Fall Apart ti Achebe ti gbọ́ Yorùbá, Wálé Ògúnyẹmí ló kọ́ ọ. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ orúkọ ìwé ńlá kan lóyìnbó, ẹ bèèrè bóyá ó ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá rí.

Ẹni tí Fágúnwà bá ṣì ń bà lẹ́rù, kó lọ bá Lápàdé nínú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, kò sí ẹni tó máa nà yín ní pankẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tí kì í ka nǹkan kan ju WhatsApp lọ, òun ló kọ́kọ́ kà á tán ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bá júwe ibi tí tèmi wà, ẹnì kan ló yá a láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní ọjọ́ méjì lòún fẹ́ fi kà á, ó sì mọ ara ẹ̀.