Bí owó ẹgbẹ́ wa ṣe rìn lọ́dún 2024

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, gbogbo ilé. Ó ti mọ́ mi lára kí n máa kọ bí ọdún ṣe lọ fún mi kó tó parí, àmọ́ tèmi gan-an ò gùn lọ́dún yìí: mo wà láàyè, orúnkún ṣì ń dùn mí, ọmọ mi obìnrin ti wọ yunifásítì, mọ́tò wa sì ti di ohun tí à ń gbọn eruku orí ẹ̀ látìgbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan ti lé ní 1,000 naira. Ó tán. Gbogbo ìyókù ọdún 2024 tèmi, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni, torí èmi ni akápò, ẹni tó bá sì ti ṣe akápò ẹgbẹ́ obìnrin rí á mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀hún kì í jẹ́ kéèyàn ráyè jókòó.

Fún ẹni tí ò mọ̀ wá, obìnrin àdúgbò ni wá, lágbègbè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn níbí. Àjọ la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí àjọ ṣe máa ń rí, ẹni tó kàn láti kó á ní ká yọ díẹ̀ fún ìyá kan tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó bá di oṣù kejì ẹlòmíì á tún gbé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ wá, nígbà tó yá a kúkú ya owó yẹn sọ́tọ̀ kó máa dá dúró. Àwọn alàájà wà nínú wa, ìyàwó pásítọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, télọ̀, àwọn tó ń ta ata àti ẹ̀wà ní Bódìjà. Àwọn méjì ti jápa lọ sí Ìlú Ọba ṣùgbọ́n wọn ò kúrò lẹ́gbẹ́, wọ́n ń fi tiwọn ránṣẹ́, ká má sì purọ́, látìgbà tí pọ́n-ùn kan ti lé ní 2,000 naira, ohun tí àwọn méjèèjì yẹn ń fi sílẹ̀ ti fẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ wa tó wà nílé lọ. Ìyẹn náà mú wàhálà tiẹ̀ wá, mò ń bọ̀ wá sọ ọ́.

Ìjà àkọ́kọ́ tí a jà lọ́dún yìí, ìjà ankara ni. Bí ọdún bá ti yí báyìí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á ti mú àpẹẹrẹ wá láti Gbági, ìdajì á ní àwọ̀ yẹn ò bá àwọn mu, ìdajì á ní léèsì làwọn fẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ wá ní lọ́dún yìí a ò ní rà á. Ariwo sọ! Wọ́n ní báwo làwọn èèyàn á ṣe dá wa mọ̀ lóde ìnáwó. Màmá ní ẹni tí ò bá rówó aṣọ san kì í sọ fún wa, ṣe ló máa ń dẹ́kun àtimáa wá sípàdé torí ojú ń tì í, tí a bá sì kà á dáadáa, aṣọ ti lé èèyàn kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí ju ikú lọ. Kò sẹ́ni tó rí i já ní koro. Àwọn kan bínú títí di oṣù March, wọ́n ti padà báyìí, aṣọ tèèyàn ní sílé la sì ń wọ̀ jáde.

Nísinsìnyí, ibi tówó lọ. Ilé àwọn ọmọ aláìníyàá kan wà tí a ti ń bá lò láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí mo lọ kí wọn, ìyá tó ń mójú tó ibẹ̀ mú mi wọ sítọ́ọ̀ wọn. Páálí Indomie kan àjà. Bísíkíìtì, mínírà, kònfílékì, àṣẹ́kù Kérésì ni gbogbo ẹ̀, ẹlòmíì tiẹ̀ lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ páálí gàdàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó wà nílé yẹn lásìkò yẹn, wọn ò léyín lẹ́nu, Indomie wo ni wọ́n fẹ́ jẹ? Wàrà ọmọ ìkókó, agolo kan ṣoṣo ló kù lórí pákó, wọ́n ti lò ó ju ìdajì lọ, wọ́n fi ọ̀rá dí i lẹ́nu kí èèrà má baà kó wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi bírò kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i sára ẹ̀. Ìyá yẹn fa ìwé yọ, ìwé tó ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó tán sí. December kún dẹ́múdẹ́mú, ó kọ ọ́ títí dé ẹ̀yìn páálí ìwé. July, ìlà méjì. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ẹ̀ rí i pé ọdún nìkan ni wọ́n máa ń rántí wa?"

Ó wá ń ka ohun tó ń jẹ ẹ́ lówó fún mi: dísẹ̀lì, omi tí wọ́n ń rà ní táńkà, owó àwọn obìnrin tó ń bá wọn sùn ti àwọn ọmọ lóru. Ta ló fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú dísẹ̀lì? Látijọ́ yẹn la ti pinnu pé tiwa, wàrà àti owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, oṣooṣù, kí ọdún má dé kó má dé. Kò dùn ún wò, kò sí ohun tí a lè tò síwájú ọkọ̀ ká dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo tún dé sítọ́ọ̀ yẹn lóṣù August, agolo wà lórí pákó.

Fọ́tò gan-an ló dá wàhálà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa ní Ìlú Ọba ní kí n máa ya àwọn ọmọ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí àwọn rí nǹkan fi han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn yẹn á lè dá sí i. Ọ̀rọ̀ wọn ò burú, mo mọ̀ pé wọn ò fura sí mi. Àmọ́ mo ní mi ò ṣe é. Tíṣà wa ló gbà mí, ó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 kúkú sọ ọ́ pé ọmọ ní àṣírí tirẹ̀, pé ẹ̀yin tí ẹ ní ká ya ọmọ yìí, ṣé ẹ ó ya tiyín tí ò wẹ̀ tí ò sì wọ ṣòkòtò kí ẹ fi sórí status? Kẹ́kẹ́ pa. Risíìtì ni mò ń yà ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀, títí kan risíìtì ọ̀kadà. Ẹnì kan nínú wọn ní risíìtì mi ti kún fóònù òun, mo ní kó ṣe sùúrù, àwọn tó ń béèrè ibi tówó wọlé sí kì í sábà rí èsì tó báyìí.

Bíìlì ọsibítù ló tẹ̀ lé e. Ohun tí mo rí lọ́dún yìí pọ̀, mi ò ní dárúkọ ibì kankan torí kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni. Ìyá á bímọ tán, wọ́n á ti fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde, owó á kù, wọn ò ní jẹ́ kó máa lọ ilé, bẹ́ẹ̀ bíìlì bẹ́ẹ̀dì tún ń gorí gbèsè tí ò rí san. Èyí tí mo kọ́kọ́ bá pàdé, ó ti tú irun tó dì fún ìkómọ ọmọ, ó ní òun ò mọ ìgbà tí òun máa débẹ̀ mọ́. A máa ń san án tààrà fún káṣíà, a kì í fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́, nítorí tówó bá ti dé ọwọ́ ará ilé, bùrọ̀dá ọkọ á ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe nǹkan míì ná.

Nọ́ọ̀sì wa ló wá la ojú wa. Ó ní ẹ̀ ń dúró kí ilé jó tán kí ẹ tó pọn omi, ká kúkú máa forúkọ àwọn aboyún sílẹ̀ lábẹ́ OYSHIA, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí oyún ṣì kéré. A ṣírò ẹ̀: owó tí à ń san lórí iṣẹ́ abẹ ẹyọ kan, káàdì tó máa rà á pọ̀. Ó dùn létí, àfi ìgbà tí a gbé e dé ọjà. Àwọn aboyún ò gbà! Wọ́n ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," wọ́n ní òun tí ara òun le, kí ló fẹ́ fi káàdì àìsàn ṣe, wọ́n ní kí ẹ fún àwọn lówó ẹ̀ káwọn fi kún ọjà. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé títí, ó fi pátákó hàn wọ́n, wọ́n kàn ń dá a lóhùn pé "a ti gbọ́ mà." Obìnrin wa kan tó ń ta ata ló wá yí wọn lọ́kàn. Kò ṣàlàyé kankan. Ó jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣa tàtàṣé, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ta fíríìjì àti ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ nígbà tó bí àbígbẹ̀yìn, pé ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo òwò rẹ̀, pé ṣe ló tún padà sídìí lílọ ata ẹlòmíì. Kí ó tó dìde, wọ́n ti ń béèrè pé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mélòó ni wọ́n máa mú wá. Látìgbà yẹn òun la fi ṣe olórí ẹ̀ka yẹn, nọ́ọ̀sì sì ń tẹ̀ lé e kiri pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.

Ti ibùdó ìlera tó wà nítòsí wa ò tíì yanjú. Omi ò sí níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ bu omi tiẹ̀ dání. A fẹ́ ra táńkì fún wọn, ni alàájà kan bá dìde pé ṣé àwa ni ìjọba ìbílẹ̀? Ó ní ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ l'Ábẹ́òkúta, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé owó orí ni ìṣòro àwọn tí wọ́n ń kọ́, wọ́n yí i padà ní 1946 ó di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin, wọ́n sì bá owó orí yẹn jà títí Aláké fúnra ẹ̀ fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ìyàwó pásítọ̀ ní a ò fẹ́ lé ọba o, omi la fẹ́. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú alàájà, tí a bá ń fi owó wa dí gbogbo ihò tí ẹlòmíì ń gbowó láti dí, owó á tán, ihò ò ní tán. A kọ lẹ́tà. Wọn ò fèsì. A tún kọ òmíràn, a pín ẹ̀dà fún kánsẹ́lọ̀, ìyẹn náà dákẹ́. Táńkì náà a ò tíì rà á, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń pín wa sí méjì.

Owó ìdókòwò tí a fún àwọn opó, ọ̀pọ̀ fi tajà, ẹnì kan fi san gbèsè oúnjẹ, mi ò bínú sí i. Ìjọba ní owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ti di 70,000 naira lóṣù July, inú tíṣà wa dùn títí tó fi débi ìrẹsì, kò ra odindi àpò kan.

Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ December síwájú látìgbà tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọjọ́rú, ọjọ́ 18, ọmọ márùndínlógójì ló kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Islamic High School, Baṣọ̀run, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ọdún fún àwọn ọmọdé. Ìbàdàn yìí náà ni. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ níbí, ilé ẹjọ́ wà. Kò tíì tó ọjọ́ mẹ́rin, a tún gbọ́ ti Maitama l'Ábùjá àti ti Òkìjà ní Anambra, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ, ní ọjọ́ kan náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa náà ti ní ká lo pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ 23, ká pín ìrẹsì fún ẹni tó bá wá? Ẹni tó bá wá, bí a ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ebi tó wà nílùú lọ́dún yìí, ta ni kò ní wá?

Ìpàdé alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wa ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ kàn ní kí oníkálukú dárúkọ ilé tó mọ̀, tó mọ inú ẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ròyìn fún un. Èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. A pín ìrẹsì sínú ọ̀rá, epo pupa sínú ike, ata gbígbẹ, kálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé tó dárúkọ. Ìyá kan tẹ̀ mí láago, ó bẹ̀ mí pé kí n ṣe sùúrù kí ilẹ̀ ṣú kí n tó wá, kí àwọn ará ilé má rí ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Tí a bá pè é sí pápá, ṣé ìyá yìí á wá? Tàbí á rán ọmọ ẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jí mi lóru.

Nínú àpò, a ò jẹ gbèsè, díẹ̀ kù. Wàrà oṣù January àti February ti wà nílẹ̀, mo ti san án kó tó tún gbówó lórí. Àwọn aboyún tó fẹ́ káàdì ti ń tò. Ìpàdé di Sunday kejì nínú oṣù January, aago mẹ́rin, ilé Ìyá Ẹgbẹ́, lẹ́tà kẹta sí ìjọba ìbílẹ̀ la máa kọ́kọ́ kà, alàájà ní òun fúnra òun ló máa gbé e lọ, òun ò sì ní kúrò ní ọ́fíìsì wọn àfi tí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè láti September, ẹ mọ ara yín, ẹ tètè ṣe tránsífà kí n tó ka orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì ò yí padà.