Òru Tí A Rí Iná Pupa Lókè Ìjì

Ọkùnrin tó mú wa jáde lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ gba owó gidi lọ́wọ́ wa, abẹ́ òjò ló sì kó wa lọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, òkè ìjì là ń wá, ẹ ti mú wa wọ abẹ́ rẹ̀.” Ó ní ibi tí mànàmáná bá ti ń kọ jù la ti máa rí sprite, ìyẹn iná pupa tó máa ń tàn fìrí lókè ìjì, tí a torí ẹ̀ jáde. Irọ́ ni. Nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 90 lókè ilẹ̀ ni sprite ti ń tàn, òkè àwọsánmà pátápátá. Ẹni tó bá wà lábẹ́ òjò, kí ló fẹ́ rí? Wákàtí mẹ́ta la fi há sínú ọkọ̀, aṣọ wa tutù rinrin, inú ń bí mi gan-an. Ẹnikẹ́ni tí kò bá lè sọ bí ìjì ṣe jìnnà tó, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti àbúrò mi gun òkè kan tó ṣókùnkùn biribiri. Ìjì náà jìnnà sí wa tó kìlómítà 250, a ò tilẹ̀ gbọ́ àrá rẹ̀. Orí àwọsánmà nìkan ló ń tàn, ó ń kú, bí àtùpà tí wọ́n fi aṣọ bò. Mo dojú kámẹ́rà kọ sánmà tó ṣófo lókè rẹ̀.

Bí a ṣe ń dúró, mo ń sọ fún àbúrò mi pé àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú ti ń ròyìn iná yìí tipẹ́, àmọ́ ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Minnesota tó ń dán kámẹ́rà wò ṣèèṣì ká a mọ́ inú àwòrán. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tó fi pariwo: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó!”

Mo rí i! Ó pupa, ó ga fíofío, bí òpó mẹ́ta tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Kí n tó mí, ó ti lọ. Inú fọ́tò la ti wá rí gbòǹgbò rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń wá sísàlẹ̀, tí ìdí wọn ń di búlúù. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ òkè lọ́hùn-ún ló ń pọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí mànàmáná ńlá bá sán lu ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí kámẹ́rà.

Mẹ́rin la rí kí ìkúukùu tó bò wá. Mo fẹ́ máa palẹ̀ mọ́, àbúrò mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i.”