Òwúrọ̀ Ọjọ́ Kẹrin Lójú Ọ̀nà Àwọn Inca

Agogo mẹ́ta àbọ̀ òru ni wọ́n jí wa ní ọjọ́ kẹrin, nínú àgọ́ tí ìrì ti mú kí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ibi tí a ń lọ kò jìnnà mọ́, nítorí pé láti Wiñay Wayna, ibi tí a pàgọ́ sí, dé Machu Picchu, ìlú àtijọ́ tí àwọn Inca tí wọ́n jọba ní Peru láyé àtijọ́ kọ́ sórí òkè, kò ju ìrìn wákàtí bíi méjì lọ, ẹnubodè tí ó wà níwájú wa kì í sì í ṣí títí di agogo márùn-ún àbọ̀. Ìdí tí wọ́n fi jí wa ni pé àwọn alágbàárù gbọ́dọ̀ tú àgọ́, kí wọ́n di ẹrù, kí wọ́n sì sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ tí yóò gbé wọn padà. Àwọn tí wọ́n gbé ẹrù wa láti ọjọ́ kìíní kò ní bá wa dé ibi tí a torí rẹ̀ rìn.

Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni a ti dágbére. Amọ̀nà wa kọ́ wa ní "sulpayki", èyí tí í ṣe "ẹ ṣé" ní Quechua, èdè àwọn ará òkè ibẹ̀, mo sì ń wí i fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn tó ẹgbẹ́ bàbá mi. Ó wù mí kí n kúnlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n orúnkún mi ti wú, kò ṣeé tẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni ó wú u. Kí n tó kúrò nílé, òkè Warmiwañusca nìkan ni mo ń bẹ̀rù, nítorí pé ó ga tó mítà 4,215, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ sì ni "obìnrin tí ó ti kú", èyí tí kì í ṣe ohun tí obìnrin ń fẹ́ gbọ́ kí ó tó gun òkè. Ní ọjọ́ kejì, mo ń ka ogún ìṣísẹ̀ kí n tó dúró mí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé orí rẹ̀, márùn-ún péré ni èémí mi gbà. Síbẹ̀, àárẹ̀ lásán ni ìyẹn. Àtẹ̀gùn ìsọ̀kalẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo. Àwọn Inca kò lo kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọn kò sì ní ẹṣin kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ti llama, ẹranko tí ń bá wọn ru ẹrù, ni wọ́n la ọ̀nà fún, nítorí náà níbi tí òkè bá ti dúró ṣánṣán, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ àtẹ̀gùn lọ tààrà. Òkúta kan lè má ju ọmọ ìka lọ, kí èyí tí ó tẹ̀ lé e ga dé orúnkún. Mo ti gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lẹ́ẹ̀mejì láti fi múra sílẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ àtẹ̀gùn. Rárá o.

Lórí àtẹ̀gùn kan náà ni àwọn alágbàárù ń sáré kọjá lára wa, pẹ̀lú sìlíńdà gáàsì, ìkòkò àti àga lẹ́yìn wọn. Òfin ní ẹrù ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ju kìlógíráàmù 20 lọ, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní ẹnubodè. Ènìyàn 500 ni ìjọba Peru ń gbà láàyè lójúmọ́, alágbàárù àti amọ̀nà wà nínú wọn, àwa tí a wá ṣàbẹ̀wò kò sì tó ìdajì. Bàtà tí wọ́n fi táyà ọkọ̀ gé ni bàbá tí mo ń wí yìí wọ̀. Tèmi, olówó gọbọi, ti bó mi ní ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí ẹnubodè ṣí, a tẹ̀ lé etí òkè lọ. Kí a tó dé Inti Punku, Ẹnu Ọ̀nà Oòrùn, àtẹ̀gùn kan wà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni mo fi gùn ún. Mo dé òkè, mo wo ìsàlẹ̀, kùrukùru funfun bí òwú ni mo rí. Mo rin nǹkan bíi kìlómítà 43, mo fi oṣù mẹ́jọ kó owó jọ, kùrukùru! A jókòó ti ògiri. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ya níbì kan, ọ̀nà bọ́ọ̀sì tí ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ gòkè ni ó sì kọ́kọ́ yọ, kí àwọn ilé tí kò ní òrùlé tó tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú òkè Huayna Picchu lẹ́yìn wọn. N kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí a wọ inú ìlú àtijọ́ náà, àwọn tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wá, tí aṣọ wọn mọ́ tónítóní, ń rọra yẹ̀ fún wa nítorí òórùn.

Ní ilé ìtura mi ní Aguas Calientes, ìlú kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ Machu Picchu, àpò ẹrù mi ti dé ṣáájú mi. Bàbá náà ti fi okùn búlúù dì í ní kókó kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo na ẹsẹ̀ mi, mo sì ń tú u fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó gbà.